Lẹ́tà Táàmù Kẹta sí Àwọn Òbí: Físà, Páálí àti Orúkọ Ọmọ Yín

Surulérè, Ìpínlẹ̀ Èkó

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ sì kú ìnáwó. Ọlọ́run tó mú wa rí táàmù kẹta yóò mú wa parí rẹ̀ láyọ̀. Àwọn ọmọ SS3 ti wà lẹ́nu ìdánwò WAEC. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rán wọn lọ sọ́jà láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá ní ìdánwò. Iye owó ilé-ìwé àti ọjọ́ ìdánwò àwọn kíláàsì yòókù wà nínú ìwé tí olùkọ́ kíláàsì fún ọmọ yín.

Ọ̀rọ̀ físà ni mo fẹ́ fi ìyókù lẹ́tà yìí sọ. Ìsinmi gígùn ń bọ̀, àwọn òbí sì ti ń wá sí ọ́fíìsì mi fún lẹ́tà. Ẹnìkan fẹ́ kí ọmọ òun lọ kí ẹ̀gbọ́n òun ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹlòmíràn ń wá yunifásítì sílẹ̀ òkèèrè fún ọmọ tó ń jáde lọ. Inú mi dùn sí i, nítorí ojú tó bá rìn á ríran. Ohun tó ń dùn mí ni owó tó ń ṣòfò àti ọmọ tó ń sunkún nítorí ohun tí òbí ì bá ti béèrè kó tó ná kọ́bọ̀ kan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé gbogbo ìrìnàjò kọ́ ló ń fẹ́ físà. Ìlú Èkó yìí gan-an ni àwọn olórí orílẹ̀-èdè ti fọwọ́ sí ìwé tó dá ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀, lọ́jọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975. Nígbà tó di ọdún 1979, wọ́n fẹnu kò pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ òmíràn kó sì lo 90 ọjọ́ láìgba físà. Ọmọ tó bá ń gba Sẹ̀mẹ̀ lọ kí mọ̀lẹ́bí ní Kùtọnu, tàbí tó ń lọ sí Ghana, kò nílò físà. Ìwé ìrìnnà (páálí) tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, yẹ́lò káàdì àjẹsára ibà pọ́njú, àti lẹ́tà ìyọ̀ǹda òbí bí ẹ̀yin fúnra yín kò bá bá a lọ, ìwọ̀nyí ni kí ẹ wá. Ẹni tó bá ń gba owó físà Ghana lọ́wọ́ yín, jìbìtì ló ń ṣe.

Fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé físà kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an. Físà àbẹ̀wò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fàyè gba oṣù 6, ó wà fún kíkí ará àti wíwo ìlú. Ọmọ kò lè fi í wọ ilé-ìwé ìjọba níbẹ̀. Àwọn kan ti ń bi mí bóyá ọmọ lè lọ bí ẹni lọ kí àǹtí rẹ̀, kó sì kúkú bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Rárá o. Ọmọ tó wà láàárín ọdún 4 sí 17 tó fẹ́ kàwé níbẹ̀ ní físà akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀, ilé-ìwé aládàáni tí ìjọba wọn fún níwèé àṣẹ nìkan ló sì lè gbà á. Ẹni tó ń lọ sí yunifásítì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé ìgbàwọlé tí wọ́n ń pè ní CAS lọ́wọ́ yunifásítì náà. Ẹni tí yóò bá sì lò ju oṣù 6 lọ gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife kó tó fi ìwé sílẹ̀.

Ti Schengen rọrùn láti yé ènìyàn bí ẹ bá fara balẹ̀ kà á. Orílẹ̀-èdè Yúróòpù 29 ló wà nínú rẹ̀, físà kan sì ni gbogbo wọn ń lò: ẹ kò gbọdọ̀ lò ju 90 ọjọ́ lọ nínú 180 ọjọ́ èyíkéyìí. Orílẹ̀-èdè tí ẹ ó ti pẹ́ jù lọ ni kí ẹ kọ̀wé sí, kì í ṣe èyí tí aládùúgbò ní ó máa ń yá. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù 6 ṣáájú ìrìnàjò, ó pẹ́ tán kó ku ọjọ́ 15. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ 15 yẹn. Wọ́n máa ń béèrè ìwé adójútòfò ìrìnàjò tó tó €30,000. Owó físà àgbàlagbà jẹ́ €90. Ọmọ ọdún 6 sí 11 ń san €45, èyí tí kò tíì pé ọdún 6 kò san nǹkan kan. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 kò ní tẹ ìka, nítorí náà àwọn ọmọ JS1 wa tí kò tíì pé ọdún 12 kò ní tẹ̀ ẹ́.

Amẹ́ríkà ńkọ́? Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìíní ọdún 2026 ni ìjọba wọn ti dá físà àbẹ̀wò àti ti akẹ́kọ̀ọ́ dúró fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, yàtọ̀ sí àwọn tí òfin náà yọ sílẹ̀. Kí ẹ tó san owó kankan fún ẹnikẹ́ni lórí ti Amẹ́ríkà, ẹ ka ohun tó wà lójú ìkànnì ilé-iṣẹ́ aṣojú wọn fúnra yín lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ sanwó náà. Òfin ìrìnàjò máa ń yí padà, àwọn tó ń ta ìrètí kì í sì í sọ fún ènìyàn.

Wàyí o, ibi tí mo ti ń rí wàhálà jù lọ kò jìnnà sílé: orúkọ ni. Ọmọ Yorùbá kan lè ní orúkọ mẹ́fà: ti bàbá, ti ìyá bàbá, oríkì, èyí tí wọ́n sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dára bẹ́ẹ̀, kí orúkọ wọn máa pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yẹ ìwé wò ní ẹ́ńbásì kò sí níbi ìkómọ. Bó bá rí Oluwadamilola nínú ìwé ìbí, tó rí Damilola nínú NIN, tó tún rí Damilola Aduke nínú lẹ́tà ilé-ìwé, ènìyàn mẹ́ta ni lójú rẹ̀. Nínú rẹ́jísítà wa, ibì kan a kọ Shukurat, ibòmíràn Sukurat, ọmọ kan náà ni. Èyí tó tún le ju ìyẹn lọ ni orúkọ ìdílé. Ọ̀pọ̀ bàbá ló fi orúkọ ara wọn gan-an ṣe orúkọ ìdílé fún ọmọ, tí àwọn alára sì ń jẹ́ orúkọ bàbá tiwọn. Nílé wa, kò sẹ́ni tí èyí rú lójú. Lókè òkun, wọ́n á rí ọkùnrin kan tó ń mú ọmọ rìnrìnàjò tí orúkọ wọn kò jọra, wọ́n á sì béèrè pé kí ni ó pa wọ́n pọ̀. Kò sí ohun tó burú ńbẹ̀, bí ìwé ìbí ọmọ bá ti kọ orúkọ bàbá àti ìyá síbẹ̀ kedere, tí ẹ sì fi lẹ́tà kúkúrú ṣàlàyé rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ tún orúkọ ọmọ ṣe láti JS, kó tó di pé a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún WAEC. Ìwé ìbí ni kí ẹ fi ṣáájú, lọ́dọ̀ National Population Commission. Lẹ́yìn náà, NIN. Inú NIN ni Immigration ti ń mú orúkọ àti ọjọ́ ìbí tí wọ́n ń kọ sínú páálí. Bí NIN bá wọ́, páálí á wọ́. Àwọn tí kò tíì pé ọdún 18 ń gba páálí ọdún 5, olójú-ewé 32, pẹ̀lú lẹ́tà ìyọ̀ǹda òbí. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ₦100,000 ni owó rẹ̀, orí ìkànnì Immigration ni ẹ ó sì ti san án, kí ẹ tó mú ọmọ lọ tẹ ìka ní Ìkòyí, Aláùsá tàbí FESTAC. Ọmọ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má mú un lọ lọ́jọ́ ìdánwò.

Àwọn òbí kan ti bẹ̀ mí pé kí n dín ọdún ọmọ kù nínú rẹ́jísítà, tàbí kí n kọ ọ́ pé ọmọ tó ti fi wá sílẹ̀ ṣì wà ní kíláàsì. N kò ní ṣe é. Kì í ṣe pé mo le, ìfẹ́ ọmọ náà ni. Bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá rí irọ́ tàbí ayédèrú ìwé nínú fọ́ọ̀mù, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni náà fún ọdún 10. Ti Amẹ́ríkà lè jẹ́ títí ayé. Orúkọ ọmọ ló máa gbé e, ọmọ tó wà ní JS3 lónìí á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún 25 kí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà tó kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ fọ́ọ̀mù, ẹ̀yin lẹ ń ṣe ẹlẹ́rìí fún un.

Ìwé àkáǹtì báǹkì tí ẹ bá fi sílẹ̀ fún físà náà wà lára ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kì í wo iye tó wà nísàlẹ̀ nìkan, ó máa ń wo bí owó ṣe ń wọlé tó sì ń jáde. Owó ńlá tó já wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ibi tó ti wá, ìfura ló ń mú wá. Ìyá tó ń ta aṣọ ní Téjúoṣó tàbí Balógun, tí owó ọwọ́ ló pọ̀ jù nínú ọjà rẹ̀, ẹ má yá owó láti fi kún àkáǹtì. Ẹ máa kó owó ọjà sí báǹkì láti ìsinsìnyí, kí ẹ sì so ìwé owó ṣọ́ọ̀bù àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò yín mọ́ ọn. Owó kékeré tó ṣàlàyé ara rẹ̀ sàn ju owó ńlá tí ẹnu ń kọ́ lórí rẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin. Ẹni tó bá ní òun máa mú ọmọ yín lọ sókè òkun, tó ní kí wọ́n kọ orúkọ òun bíi bàbá tàbí ìyá rẹ̀, tàbí tó gba páálí ọmọ tó sì gbé e pamọ́, ẹ má fún un ní ọmọ. Ẹ wá bá mi, tàbí kí ẹ lọ sọ́dọ̀ NAPTIP, àjọ ìjọba tó ti ń gbógun ti òwò ẹrú láti ọdún 2003.

Ní ti lẹ́tà ilé-ìwé: ọ̀fẹ́ ni. Òbí tàbí alágbàtọ́ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ́jísítà ni kó wá fúnra rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ tó nílò rẹ̀. A ó kọ kíláàsì ọmọ, ọjọ́ tí ìsinmi bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìwọlé tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde. Bí ẹ́ńbásì bá pè wá, rẹ́jísítà la ó fi dá wọn lóhùn. Àwọn tó bá gba físà, ẹ ṣì di lẹ́tà ìpè, àdírẹ́sì ẹni tí ọmọ ń lọ bá àti tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ sínú báàgì ọwọ́, nítorí òṣìṣẹ́ tó wà ní pápákọ̀ òfurufú ibi tí ẹ ń lọ ṣì lè bi yín léèrè kó tó jẹ́ kí ẹ wọlé.

Bí wọ́n bá sì kọ̀, owó físà kò ní padà, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fi kọ̀ máa sọ ìdí. Ẹ kà á, ẹ tún ohun tó wà níbẹ̀ ṣe, nígbà mìíràn tí fọ́ọ̀mù bá bi yín bóyá wọ́n ti kọ̀ fún yín rí, ẹ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jókòó ti ọmọ náà, ẹ sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ sì fi tó olùkọ́ kíláàsì létí, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ táàmù yìí, kí olúkúlùkù mú ẹ̀dà ìwé ìbí àti NIN ọmọ rẹ̀ wá. Akọ̀wé ilé-ìwé yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn pẹ̀lú rẹ́jísítà, a ó sì fi wọ́n wé ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni kí ẹ dé.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ọmọ,

Ọ̀gá Ilé-ìwé