Àjọkẹ́, má tíì ta ẹ́ńjìnnì yẹn

Bradford,
Alẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Àjọkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni? Ara Ìyá ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ó yá, mo ti kí ẹ tán, má lọ sọ fún ẹnikẹ́ni pé òyìnbó ti gba ìkíni lẹ́nu mi.

Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Mẹ́tàlá nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó parí lo wá sọ ọ́, bí ẹni tó ń sọ pé iyọ̀ ti tán nílé, pé o ti rí ẹni tó máa ra ẹ́ńjìnnì ara ẹ̀rọ wa, èyí tí a fẹ́ fi máa kọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, pé ó fẹ́ fi máa lọ ata. Ata, Àjọkẹ́! Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà. Ariwo tí mo pa, ìyá òyìnbó tó jókòó níwájú mi fà báàgì rẹ̀ mọ́ra.

Mi ò fi ohùn dá ẹ lóhùn torí pé tí mo bá la ẹnu, èébú ló máa jáde. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ nìyí. Fi sùúrù kà á. Ọ̀rọ̀ yìí máa yà lọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan ná kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ṣé o rántí bàbá tí mo ń lọ tọ́jú láràárọ̀, èyí tó kọ́kọ́ lé mi jáde pé obìnrin kankan ò ní wẹ òun? Ará Lahore ni, ní Pakistan. A ti di ọ̀rẹ́ báyìí. Lọ́jọ́ kan ó da tíì sórí tábìlì, kò pe ẹnì kankan, ó fi ìka ń kọ nǹkan nínú omi náà. Mo gbé aṣọ ìnulẹ̀ dé, mo wò ó, mo ní, "Nún nìyẹn." Ó gbójú sókè, ó wò mí bíi pé àga ló sọ̀rọ̀. Kéú tí wọ́n fi ẹgba kọ́ wa lẹ́yìnkùlé yín, tí ìwọ máa ń sá, tí wọ́n á wá fi ẹgba tìrẹ kún tèmi, kéú yẹn ló bá mi ṣílẹ̀kùn bàbá yìí.

Kì í ṣe Lárúbáwá ló ń kọ o, Úrúdù ni. Lẹ́tà Lárúbáwá náà ni, wọ́n kàn fi díẹ̀ tiwọn kún un. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ yàtọ̀ sí ti orí wàláà wa. Nastaliq ni wọ́n ń pè é. Tiwa máa ń jókòó sórí ìlà bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Tiwọn, òkè lápá ọ̀tún ni ọ̀rọ̀ ti máa bẹ̀rẹ̀, á wá máa sọ̀ wálẹ̀ lọ sápá òsì, bí ẹni tó ń ti orí Olúmọ bọ̀ tí kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ òun. Lẹ́tà kan ṣoṣo lè ní ojú oríṣiríṣi: ẹni tó bá jókòó tì ló ń sọ bó ṣe máa rí.

Iṣẹ́ bàbá nìyẹn nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Kátíbù ni, ẹni tó ń fi ọwọ́ kọ lẹ́tà, nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò lè to Nastaliq kó dùn ún wò nígbà náà, àwọn tó ń ka Úrúdù ò sì fẹ́ lẹ́tà mìíràn lójú, nítorí náà ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ odidi ìwé ìròyìn lójoojúmọ́ ayé kí wọ́n tó gbé e lọ tẹ̀. Kálámù àti tàdáwà. Ìròyìn ogun, èsì kírikẹ́ẹ̀tì, ìpolówó ọṣẹ, gbogbo ẹ̀, ọwọ́ ni. Ó ní ẹni ńlá tó bá lọ kú ní aago mọ́kànlá alẹ́, àwọn kátíbù kì í tètè ṣàdúrà fún un.

Ní 1981, ìwé ìròyìn Jang bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Lahore, kọ̀ǹpútà ló sì to lẹ́tà rẹ̀, Nastaliq pọ́ńbélé. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ń jẹ́ Mirza Ahmad Jamil, ó ní ilé ìtẹ̀wé ní Karachi. Ibi tí mo fẹ́ kí o fetí sí nìyí. Àwọn tó ti gbìyànjú ṣáájú ń gé Nastaliq sí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá fẹ́ kí ẹ̀rọ máa so wọ́n pọ̀. Kò bọ́ sí i. Oríkèé ló ń tú wọn fó. Jamil ò so nǹkan kan. Àkójọ lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ Úrúdù ń lò, bí wọ́n ṣe máa ń rọ̀ mọ́ra wọn gan-an, wọ́n fi ọwọ́ kọ ọ́ ní odidi-odidi, ìdì kan lẹ́yìn ìdì kan, ó ju 16,000 lọ, wọ́n sì kó o sínú ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Monotype, ní ilẹ̀ England níbí. Tí o bá ti tẹ lẹ́tà rẹ tán, kọ̀ǹpútà á lọ gbé odidi ìdì náà wá bí ọwọ́ ṣe kọ ọ́. Ó sọ ọ́ ní Noori, orúkọ bàbá rẹ̀. Ìdì 16,000! Ẹni tó bá kọ ẹgbẹ̀rún kan péré ní Abẹ́òkúta, àwọn ẹbí rẹ̀ á ti bá a wá mọ́tò lọ sí Àrò.

Àjọkẹ́, níbo ni ẹ̀rọ tìrẹ ti kùnà? Ṣé kì í ṣe oríkèé ni? O fi fóòmù wé páìpù, o gé ìlà sí i, o ní kó máa fa ìlà ẹ̀kọ sórí aṣọ bí ìyẹ́ adìyẹ ṣe ń fà á. Ìlà ń jáde. Àmọ́ gbogbo ibi tí páìpù bá ti yí dé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí ẹ̀kọ ò bá dì sójú kan, á fi àlàfo sílẹ̀, aró á sì wọ ibẹ̀. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn Ìyá lọ́jọ́ tí a yọ aṣọ àkọ́kọ́ nínú aró: "Ta ló ṣu sórí aṣọ mi?"

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fi àwòrán ìró àdìrẹ Ìbàdàndùn mi han bàbá lórí fóònù, èyí tí Ìyá kọ fún ìgbéyàwó mi. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó ń fi èékánná tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan láìsọ̀rọ̀. Ó pẹ́. Nígbà tó yá ó ní, "Ta ni kátíbù rẹ̀?"

Ibẹ̀ ló ti mú mi. Mi ò sùn lóru ọjọ́ náà. Ìbàdàndùn, kí ni? Àwọn àpótí ni. Èyí ọwọ̀n Mápó àti ṣíbí, èyí ewé, èyí ẹyẹ. Àwọn ìyá ti gé aṣọ náà sí ìdì-ìdì fún wa láti ọjọ́ yìí, àwa ń sáré lé ìlà. Kí ló dé tí ẹ̀rọ fi ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń fa ìlà? Jẹ́ kí Ìyá fi ìyẹ́ kọ àpótí kọ̀ọ̀kan ní odidi, bó ṣe máa ń kọ ọ́, pẹ̀lú ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti máa ń tẹ̀ díẹ̀ sápá òsì. Gé ìyẹn sára fóòmù pẹlẹbẹ. Kí ẹ́ńjìnnì kàn máa fa aṣọ, kó máa dúró, kí àpótí máa bà lé e. Ààlà àárín àpótí méjì ni oríkèé máa bọ́ sí, ta ló máa rí i? Mo mọ ohun tí o máa sọ: kí ni èmi tí mò ń pààrọ̀ ìlédìí àgbà mọ̀ nípa ẹlẹ́kọ? Ó dáa. Dán an wò lórí àkísà kí o tó bú mi.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò lè fo. Bàbá kò rí iṣẹ́ ṣe mọ́ lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà dé. Ó wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbí, ó wa takisí títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún. Mo bi í bóyá ó ń bínú sí Jamil. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní lẹ́tà náà dára, pé òun kọ́kọ́ wá àṣìṣe sí i fún oṣù kan gbáko kí òun tó gbà. Lẹ́yìn náà ló wo ọwọ́ ara rẹ̀. Nítorí náà, tí ó bá ṣiṣẹ́, àwọn obìnrin tó ń bá Ìyá kọ ẹlẹ́kọ, má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Àwọn ni kí o pè láti wá kọ àwọn àpótí náà, kí o sanwó lé e, kí olúkúlùkù sì fi àmì tirẹ̀ sí igun. Àwọn akéwì Úrúdù ń ṣe bẹ́ẹ̀: nínú ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn ghazal, akéwì á dárúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, kí wọ́n má baà jí i.

Mo ti di akéwì báyìí o. Bàbá ń kọ́ mi. Ghazal, ìlà méjì-méjì ni, ìlà méjì kọ̀ọ̀kan sì lè dá dúró bí òwe, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń parí wọn bí ègbè. Èyí tó fẹ́ràn jù, "ho gayin" ló fi ń parí. Kó tó débẹ̀ èmi náà á ti ya ẹnu, a jọ máa ń sọ ọ́ ni, á wá kígbe "Wah!" bíi pé èmi ni mo ké e. Ghalib ló ni ín, ará Delhi, ó kú ní 1869. Bàbá lè má mọ̀ bóyá òun ti mu tíì, ó ń pe ọmọ rẹ̀ obìnrin ní àǹtí, àmọ́ Ghalib kò yẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ níbì kankan. Ìlà méjì kan nínú ẹ̀ ń sọ pé: tí ìyà bá ti mọ́ ènìyàn lára, kò sí ìyà mọ́, wàhálà tó ya lù mí pọ̀ débi pé ó di fẹ́rẹ́.

Ẹ̀tọ́ ọkùnrin yẹn ni láti sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ méje ló bí, ìkankan ò dàgbà. Nítorí owó ìfẹ̀yìntì ìdílé rẹ̀ tó ní wọ́n ń rẹ́ jẹ, ó rin ìrìn àjò láti Delhi lọ sí Calcutta, ó débẹ̀ ní 1828, ó bá ìjọba òyìnbó ṣe ẹjọ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ò gbà. Ó wà nínú gbèsè, ó ń bá ewì lọ. Ó fẹ́ràn ọtí, ó fẹ́ràn máńgòrò. Ká ní ọkọ mi ni, à bá ti túká. Ṣùgbọ́n ó kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ kan pé òun ti dá ọ̀nà tuntun kan sílẹ̀, pé òun ti sọ lẹ́tà kíkọ di ìtàkúrọ̀sọ, pé kí wọ́n máa fi ahọ́n kálámù sọ̀rọ̀ láti ẹgbẹ̀rún máìlì, kí wọ́n máa gbádùn ìpàdé nínú ìpínyà. Ìwọ rò pé mò ń ṣàwàdà ni? Ohun tí èmi náà ń ṣe lálẹ́ yìí nìyẹn, pẹ̀lú ẹsẹ̀ nínú omi gbígbóná.

Àmọ́ mi ò gba ti wàhálà tó di fẹ́rẹ́ yẹn gbọ́ tán. Ó lè jẹ́ pé ara ló kú.

Ìròyìn tó kù: Kẹ́hìndé ti já eyín méjì, Táíwò ní wọ́n rẹ́ òun jẹ, wọ́n fi kún owó ilé wa, mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń ta ewédú tútù, àwọn ará Bangladesh ló ń tà á. Tó bá jẹ́ pé owó ilé-ìwé lo fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì yẹn san, sọ ọ́ jáde, má fi ata bò ó. Àádọ́ta pọ́n-ùn wà lọ́wọ́ mi tí ẹnì kankan ò mọ̀ sí.

Àjọkẹ́, ohun kan tún wà. Lọ́jọ́ Àìkú mo pe Màámi. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun, mo ní mo ti jẹun. A sọ̀rọ̀ òjò díẹ̀, ó tún bi mí. Mo tún dáhùn. Nígbà kẹta, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ló fi pè mí. O mọ̀ pé ọdún kọkànlá rèé tó ti lọ. Mo dáhùn. Mo ní, "Ẹ ṣeun mà, mo ti jẹun." Mo fi rẹ́rìn-ín fún ọkọ mi lẹ́yìn náà, mo ní Màámi fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi jù mí lọ láti ilẹ̀. Àbúrò mi ní kò sí nǹkan kan, ọjọ́ orí ni. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyí, mo mọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀.

Jọ̀ọ́, bá mi dé Láfẹ́nwá. Má sọ pé èmi ni mo rán ẹ, sọ pé o kàn ń kọjá lọ. Mú mọ́ínmọ́ín dání, èyí tí wọ́n fi ewé wé, kò ní jẹ ti inú agolo. Ṣí ìkòkò wò. Wo ara gáàsì bóyá ó ń pa á. Bi í nípa ọjà, nípa ìgbà tí wọ́n ń jọ re aró, ẹ jókòó pẹ́. Má gba "mo wà dáadáa" lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí o bá jáde, kí o tó dé ibi tí o ti máa wọ ọ̀kadà, pè mí, aago yòówù kó jẹ́. Má fi ohùn ránṣẹ́. Pè mí.

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́ rẹ