Lẹ́tà sí Àjàní: jọ̀ọ́, tan iná yàrá rẹ

Ìtokò, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ 14, oṣù Kejìlá.

Àjàní ọmọ mi,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé dáadáa ni o wà? Ìròyìn tó délé kò jọ ti ẹni tó wà dáadáa. Ọmọ ìyá aláṣọ tí ẹ jọ wà ní Tromsø, ní Norway lọ́hùn-ún, ló pe ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì gbé ọ̀rọ̀ náà wá bá ìyá rẹ ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìtokù. Ó ní ó ti tó oṣù kan tí o ti ti ilẹ̀kùn mọ́ra. O kì í lọ kíláàsì mọ́. Kọ́tìnnì rẹ kì í ṣí. Ó ní òun wá lálẹ́ ọjọ́ kan, òun rí iná lábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ, bí òun ṣe kan ilẹ̀kùn ni iná kú.

Iná kú. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ ni mi ò ti rí oorun sùn.

Ṣé inú òkùnkùn ni o ń jókòó sí, Àjàní? O kì í gbé fóònù, ìyẹn ni mo ṣe ní kí àbúrò rẹ ya fọ́tò lẹ́tà yìí, kí ọmọ yẹn tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kó tì í wọ abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ. Bí o bá ń kà á, á jẹ́ pé iná wà ní títàn. Má pa á.

Àwa wà. Orúnkún ìyá rẹ tún ti bẹ̀rẹ̀, kò sì gbà láti fi ìkòkò aró sílẹ̀. Ewúrẹ́ bí ìbejì. Fẹ́ǹsì ẹ̀yìnkùlé tí òjò wó, a ti tún un mọ. Wọ́n ti múná lọ láti àná, iná sólà kékeré tí o rà fún wa kí o tó lọ ni mo fi ń kọ̀wé yìí. Owó tí o kò fi ránṣẹ́, ta ló béèrè rẹ̀? Bó bá jẹ́ ìtìjú owó ni kò jẹ́ kí o pè, ìwà òmùgọ̀ gbáà ni. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún! Òru ni ìyá rẹ ń jí wo fóònù. O ò ṣe dáadáa sí i rárá.

O mọ̀ pé mi ò lè sọ̀rọ̀ kí n má ṣe tísà. Ibi tí o wà yẹn, láti ìparí oṣù Kọkànlá títí di àárín oṣù Kìíní, oòrùn kì í yọ. Mo fi ọsàn kan ṣàlàyé ẹ̀ fún ìyá rẹ lórí tábìlì, mo fi iná sólà yìí ṣe oòrùn. Mo ní ayé ò dúró ṣánṣán, ó fi dígírì 23 àti ààbọ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bó ṣe tẹ̀ yẹn ló ṣe ń yí oòrùn ká, nínú oṣù tí a wà yìí orí rẹ̀ lápá òkè ti yẹra fún oòrùn. Mo ń yí ọsàn náà lọ́wọ́, orí rẹ̀ ò kúrò nínú òjìji. Ìyá rẹ fi ìka kan ibẹ̀, ó ní, "Ibí ni ọmọ mi wà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dìde, ó wọ ilé ìdáná lọ. Ọsàn náà ṣì wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó bó o.

Ṣùgbọ́n kò ṣókùnkùn tán. Bó bá di nǹkan bí aago 12 ọ̀sán, oòrùn á sún mọ́ etí ilẹ̀ lábẹ́ lọ́hùn-ún, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á gba òkè orí yín kọjá, afẹ́fẹ́ ojú sánmà á fọ́n ọn ká, díẹ̀ á bọ́ sílẹ̀, yìnyín á sì tún dá a padà sókè. Jáde ní àsìkò yẹn. Má sọ fún mi pé òtútù ń mú. Ìmọ́lẹ̀ tó kúrò lára oòrùn, tó ń sáré nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó lo ìṣẹ́jú 8 àti díẹ̀ lójú ọ̀nà kó tó dé ojú fèrèsé rẹ, ni o wá ń fi kọ́tìnnì dí! Ohun kan wà lẹ́yìn ẹyinjú tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ ti mọ́. Bí kò bá rí ìmọ́lẹ̀, ara á máa rò pé òru ni, oorun á máa kunni, ọkàn á sì máa wúwo. Àwọn dókítà ibẹ̀ mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní iná funfun kan tó mọ́lẹ̀ gan-an, èèyàn á jókòó síwájú ẹ̀ láàárọ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àìsàn ni, ẹnikẹ́ni má pè é ní ọ̀lẹ tàbí ẹ̀mí èṣù fún ọ. Lọ rí dókítà. Mo bẹ̀ ọ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fa lẹ́tà yìí ya nígbà tí mo dé ibi tí mo dé yìí.

Ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 2006. Ọmọ ọdún méje ni ọ́. Mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi jáde sábẹ́ igi máńgòrò láti wo bí òṣùpá ṣe ń bo oòrùn, mo sì mú ọ dání. Mo kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbójú sókè, ilẹ̀ ni kí ẹ wò. Ṣé o rántí? Ìmọ́lẹ̀ róbótó róbótó tó máa ń gba àárín ewé bọ́ sílẹ̀, gbogbo wọn tẹ̀ bí èékánná tí a gé. Oòrùn bíńtín bíńtín lórí iyẹ̀pẹ̀, lórí ẹ̀wù àwọn ọmọ, lórí apá rẹ. Inú mi ń dùn, mo ń ṣàlàyé. Àfi bí ojú ọjọ́ ṣe ṣú bí ìrọ̀lẹ́ ní àárọ̀ gangan, afẹ́fẹ́ tutù, o dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀, o figbe ta. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ọmọ tísà sáyẹ́ǹsì! Ojú tì mí.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo fà ọ́ wọ yàrá ìkẹ́rù. Mo ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ ò dé la ń pè ní òkùnkùn, kò sí nǹkan míì nínú ẹ̀, wọlé lọ wò ó. Mo ti ilẹ̀kùn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló wà lọ́kàn mi. Àlejò dé. Ọ̀rọ̀ oòrùn ọjọ́ náà ló bá wá, mo bá jókòó, mo ń fi lántánì àti bọ́ọ̀lù rẹ ṣàlàyé fún un. Ó lé ní wákàtí kan. Ìyá rẹ ò sí nílé, àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un.

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gan-an lo dúró sí, ọwọ́ rẹ méjèèjì wà lára pákó. O ò sunkún. O ní, "Bàbá, kò sí nǹkankan níbẹ̀." Inú mi dùn! Mo fi yangàn láàárín àwọn tísà ẹlẹgbẹ́ mi lọ́jọ́ kejì pé mo ti wò ọ́ sàn.

Láti ọjọ́ náà, o ò sọ fún mi mọ́ pé ohunkóhun ń bà ọ́ lẹ́rù. Nígbà tí ibà fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ọ lọ ní Ìbàdàn, ẹlòmíì ló pè wá. "Dáadáa ni, Bàbá." Ohun tí o máa ń sọ nìyẹn, èmi ni mo sì kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n ní iná kú bí wọ́n ṣe kan ilẹ̀kùn, yàrá ìkẹ́rù yẹn ló wá sí mi lójú.

Ohun tí mo kọ́ yín ní kíláàsì, òótọ́ ni. Òkùnkùn ò wúwo, ẹnikẹ́ni ò lè bù ú sínú igbá. Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà nínú ẹ̀ tí àyà rẹ̀ ń lù, mi ò ka ìyẹn mọ́ ọn. Èmi gan-an, nígbà tí bàbá mi kú, ọdún mẹ́ta ni mo fi sùn ti àtùpà, mi ò sọ fún ẹ̀dá kan. Abẹ́ igi máńgòrò yẹn ló yẹ kí n ti sọ ọ́ fún ọ.

Dárí jì mí. Ṣùgbọ́n má fi ẹ̀ṣẹ̀ tèmi jẹ ara rẹ níyà. Dìde, kí o wẹ̀. Ṣé o tilẹ̀ ń jẹun?

Lásìkò òtútù yìí, aago wa ò yàtọ̀ sí tiyín. Aago 12 níbí, aago 12 ni lọ́dọ̀ rẹ. Mi ò pa fóònù mi mọ́ lóru, iná sólà rẹ yìí náà ni mo fi ń ṣáàjì rẹ̀. Pè mí ní aago 2 òru, pè mí ní aago 4. Bí mo bá bi ọ́ pé ṣé dáadáa ni, má dá mi lóhùn pé dáadáa ni. Bí ọ̀rọ̀ ò bá sì sí lẹ́nu rẹ, má sọ nǹkan kan, jẹ́ kí n ṣáà gbọ́ bí o ṣe ń mí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.