Ẹ̀sùn Lórí Ètò Ìrìn-àjò Yín sí Ìsun Omi Gbígbóná Polloquere

London,
Ọjọ́ 4, Oṣù Kẹta, 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi àti bàbá Dámilọ́lá, ọkọ mi, la ra ètò ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án lọ́wọ́ yín lọ sí àríwá Chile nínú oṣù tó kọjá. Ọjọ́ kan péré nínú ètò náà ni mo ń torí rẹ̀ kọ̀wé: ọjọ́ tí ẹ ní kí a gbéra ní Arica, kí a lọ wẹ̀ ní Polloquere.

Ìkògòsì Èkìtì ni wọ́n ti tọ́ ọkọ mi dàgbà, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn. Nígbà tó rí àwòrán Polloquere lọ́wọ́ yín, tí ooru ń rú lójú omi láàárín iyọ̀ funfun, kò fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Ọdún kan gbáko la fi tu owó náà jọ.

Etí òkun ni Arica wà. Polloquere wà ní ẹ̀gbẹ́ Salar de Surire, pápá iyọ̀ kan lórí òkè, ó ga tó nǹkan bí mítà 4,200 ju ojú òkun lọ. Ẹ ní kí a kúrò ní Arica ní aago márùn-ún ìdájí, kí a sì dé ibi omi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà. Ẹ ò jẹ́ ká sùn ní Putre rárá, ìlú tó wà lójú ọ̀nà ní nǹkan bí mítà 3,500, níbi tí àwọn tó mọ ọ̀nà yẹn ti máa ń sinmi kí òkè tó mọ́ wọn lára. Ní ibi tó ga tó Surire, ọ́síjìn tí èèyàn ń rí fà símú kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ti etí òkun lọ. Awakọ̀ ló là á yé wa. Inú òun náà ò dùn sí ìwé ètò tí ẹ fi ránṣẹ́ sí i.

Kò pẹ́ tí a kọjá Putre ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọkọ mi. Ká tó dé Guallatire, abúlé kan lójú ọ̀nà Surire, ó ti bì lẹ́ẹ̀mejì. Ètè rẹ̀ dà bí ohun tí wọ́n rẹ láró. Mo bi í léèrè orúkọ àbígbẹ̀yìn wa, ó wò mí títí kó tó dáhùn. Sà, ẹ̀rù bà mí. Kò sí àgbá ọ́síjìn nínú ọkọ̀ tí ẹ háyà fún wa. Awakọ̀ ò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wa mọ́, ó yí ọkọ̀ padà nínú ẹrẹ̀, nítorí òjò òkè yẹn, tó máa ń rọ̀ láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹta, ti ba ọ̀nà jẹ́. Ẹ ò sọ ti òjò yẹn náà fún wa.

Ní Putre, ìyá kan tó jẹ́ ọmọ Aymara, ẹ̀yà tó ń gbé lórí òkè yẹn, rẹ ewé kókà sínú omi gbígbóná fún un, ó sì fi ìbora bò ó. Ṣùgbọ́n òun gan-an ló ní ká má jókòó pẹ́, pé sísọ̀kalẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Nígbà tí a padà dé Arica lálẹ́, ọkọ mi ní kí n fún òun lóúnjẹ.

Òṣìṣẹ́ yín dá mi lóhùn pé ó ní láti jẹ́ pé ara rẹ̀ ò yá tẹ́lẹ̀. Irọ́ ni. Òkè gíga ò mọ alágbára. Ó lè mú ẹnikẹ́ni tó bá yára gùn ún.

Mo fẹ́ kí ẹ dá £480 padà, owó ọkọ̀ àti owó ọjọ́ yẹn. Èyí tó ká mi lára ju owó lọ ni pé òṣìṣẹ́ yín kan náà sọ fún mi pé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ kan ti sanwó ètò yìí fún oṣù Keje. Òjò lè má sí nígbà yẹn, àmọ́ òtútù òru ibẹ̀ ń sọ omi di yìnyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi oorun alẹ́ méjì sí Putre fún wọn, ẹ gbé ọ́síjìn sínú ọkọ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó ń ta oúnjẹ tàbí epo ní Polloquere.

Mo ń retí èsì yín láàárín ọjọ́ 14. Bí ẹ bá fẹ́ kí n bá àwọn ìyá náà sọ̀rọ̀ fúnra mi, mo ṣetán.

Èmi ni,
Ìyá Dámilọ́lá