Fèrèsé Yàrá Màmá

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Bísí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọyẹ́ ọdún yìí le débi pé ètè gbogbo wa ti là, eruku sì bo igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé yín bí ẹni da èlùbọ́ sí i. Táyọ̀ ti ríṣẹ́ sí Abẹ́òkúta. Ìyá alákàrà ti kó kúrò ládùúgbò.

Màmá ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ẹ. Mo ṣèlérí, àmọ́ ọjọ́ mẹ́ta rèé tí mi ò rí oorun sùn. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n bá nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn. Jọ̀ọ́, má sunkún. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ oògùn, oṣù mẹ́fà ni wọ́n máa fi lò ó, ọ̀fẹ́ ni, èmi ni mo sì ń kà á sí wọn lọ́wọ́ láràárọ̀. Ìtọ̀ wọn pọ́n bí epo nítorí oògùn náà, ni Màmá bá ní mo fẹ́ fi aró rẹ àwọn!

Fèrèsé ló ń jẹ́ kí àyà mi já. Bọ̀dá Wálé ti fi ìṣó kan ọ̀rá mọ́ méjèèjì, wọ́n ní atẹ́gùn ọyẹ́ ló gbé àìsàn wọlé. Bísí, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí Màmá bá wúkọ́, ohun tó ń gbé kòkòrò náà jáde kéré débi pé kì í tètè balẹ̀. Nínú yàrá títì, ó lè máa rìn kiri fún ọ̀pọ̀ wákàtí, orí ẹní níbẹ̀ sì ni àwọn ọmọ Bọ̀dá méjèèjì ń sùn. Bí fèrèsé bá ṣí, atẹ́gùn á fọ́n ọn ká, á gbé e síta, oòrùn á sì jà á níbẹ̀.

Ìtòsí ẹ gan-an nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, ní Porton lẹ́bàá Salisbury, ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Druett àti May, ti ṣe iṣẹ́ kan tí wọ́n gbé jáde ní 1968. Wọ́n fi kòkòrò tín-tìn-tín sára òwú aláǹtakùn, wọ́n gbé e síta lóru, níbi tí oòrùn ò ti lè dá sí i. Àwọn tó wà ní gbangba tètè kú. Àwọn tí wọ́n sé atẹ́gùn mọ́ nínú àpótí pẹ́ kí wọ́n tó kú. Nǹkan kan wà nínú atẹ́gùn ìta tó ń pa kòkòrò, tó sì máa ń pòórá bí a bá ti sé e mọ́lé. Kòkòrò tí wọ́n lò kì í ṣe ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, mi ò ní bù mọ́ ọn fún ẹ. Síbẹ̀, láti ọjọ́ tí mo ti kà á, inú mi máa ń ru bí mo bá ti rí ọ̀rá yẹn.

O ṣì rántí Yàrá Keje àti ìjà fèrèsé wa? Ìwọ lo jàre.

Mi ò lè máa kọ́ Bọ̀dá lẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé bàbá wọn. Ìwọ ni wọ́n máa ń gbọ́ tiẹ̀. Jọ̀ọ́, pè wọ́n lálẹ́ tí o bá ka èyí: kí wọ́n tú ọ̀rá náà, kí àwọn ọmọ máa sùn ní pálọ̀, kí wọ́n sì kó wọn lọ fún àyẹ̀wò. Sọ pé èmi ni mo sọ fún ẹ. Bí Màmá bá bínú, màá bẹ̀ wọ́n. Mo ti ra nẹ́ẹ̀tì tí a máa fi dí eruku. Ó wà nínú yàrá mi, káfíńtà sì ní òun lè wá ní Sátidé.

Èmi ni tìẹ,
Fúnmi