Kọ́kọ́rọ́ Ẹ̀rọ Omi

Ìtòkú,
Abẹ́òkúta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà ní Kánádà lọ́hùn-ún? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù ńkọ́? Oòrùn ń mú níbí, àdìrẹ wa ń tètè gbẹ, a dúpẹ́.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O ní o ti tọ́jú owó díẹ̀, o fẹ́ fi kun ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, kí n bá ọ wá pẹ́ńtà. Jọ̀ọ́, dá owó yẹn dúró ná. Gbọ́ ohun tójú mi rí.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn kan tó jáde ṣáájú wa dáwó jọ, wọ́n gbẹ́ ẹ̀rọ omi síbẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ wọn gàdàgbà sára táǹkì. Wọn ò bi ará àdúgbò ní nǹkan kan. Oṣù mẹ́ta ò pé tí olè fi yọ ẹnu ẹ̀rọ lọ nígbà ọlidé. Àwọn ọmọ tún padà sí gbígbé kẹ́ẹ̀gì omi wá láti ilé.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ yẹn di ariwo ni mo tó mọ̀ pé ìgbìmọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní SBMC. Olùkọ́, òbí, oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn àgbà àdúgbò, akẹ́kọ̀ọ́-jáde, gbogbo wọn ló láyè níbẹ̀. Àwọn ló yẹ kó jókòó sọ ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ nílò, kí wọ́n sì máa ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń ná owó. Tiwa wà nínú ìwé, kò wà ní ìjókòó. Àwa méje péré la wá sí ìpàdé àkọ́kọ́.

Ìjà la kọ́kọ́ jà. Bàbá kan fárí gá: láti 1955 ni Awólọ́wọ̀ ti sọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní ilẹ̀ wa, òfin 2004 náà sì ní ọ̀fẹ́ ni títí dé JSS 3, kí ló wá kan òun? Kò purọ́. Ìjọba àpapọ̀ gan-an kì í gbé owó UBEC, àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yìí, fún ìpínlẹ̀ tí kò bá mú ìdá tirẹ̀ wá, o sì mọ bí ìyẹn ṣe máa ń pẹ́ tó. Ni bàbá káfíńtà kan nínú wa bá bi í ní ìbéèrè: "Bẹ́ǹṣì tẹ́sẹ̀ rẹ̀ kan yẹ̀, ṣé Àbújá la ó gbé e lọ?"

Lọ́jọ́ Sátidé, òun àtàwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kó ìṣó wá, a ṣa pákó jọ. Bẹ́ǹṣì mẹ́rìnlá dìde. Àáró náà ni, bíi ti ayé Lísàbí, àfi pé kò sí oko níbẹ̀. Ní ti ẹ̀rọ omi, a ra ẹnu tuntun, a fi kọ́kọ́rọ́ síkàáwọ́ ìyá oní-mọ́ínmọ́ín tó wà lódìkejì títì. Bí àwọn ọmọ bá ti lọ, ó ń ṣí i fún àdúgbò títí di mọ́gàríbì. Ta ni olè máa gbà yọ ọ́ báyìí? Gbogbo ilé tó ń pọn níbẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ.

Èmi náà ń lọ kàwé pẹ̀lú kíláàsì kẹta ní Ọjọ́ Ẹtì. Ọmọkùnrin kan dìde, ó yẹ kó kà pé "Bàbá mi ra ọkọ̀ tuntun", ó ní "Bàbá mi ra ọkọ tuntun." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, mo rín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo wá wo ìwé náà: ọwọ́ ti nu àmì orí ọkọ̀ dànù. Ìwé mẹ́rin ló wà fún ogójì ọmọ.

Nítorí náà, má kun ohunkóhun. Ògiri ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ìwé kíkà. Bóyá ìwé lo máa fowó náà rà, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n gbé e dé ìpàdé ná, ká má ṣe bíi tàwọn oní-táǹkì. Èyí tó o lè ṣe lónìí: o ṣì mọ àlọ́ pa jù mí lọ. Fi ohùn rẹ pa àlọ́ Ìjàpá kan, fi ránṣẹ́, màá ṣí i fún wọn gbọ́ lọ́jọ́ Ẹtì.

Ìyá oní-mọ́ínmọ́ín kí ọ o. Ó ní o jẹ òun ní gbèsè láti kíláàsì karùn-ún, òun ò tíì gbàgbé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ìyá Ìbejì