Ilé Gogoro Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta

Kabba,
Ìpínlẹ̀ Kogi.

Ṣẹ́gun ọ̀rẹ́ mi,

Okun o! Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù Paris kò tíì sọ ọ́ di yìnyín? Fọ́tò rẹ dé ọwọ́ mi, èyí tí o ti dúró sábẹ́ ilé gogoro Eiffel, tí o kiwọ́ bọ àpò bíi pé bàbá rẹ ló kọ́ ọ. Mo wò ó títí. Mo wá yíjú wo aṣọ tí wọ́n kun ilé gogoro kan náà sí, tí mo ta bo ògiri ṣọ́ọ̀bù fọ́tò mi, èyí tí èmi àtìwọ jọ ya fọ́tò níwájú rẹ̀ lọ́dún tí a jáde ìwé mẹ́wàá, nígbà tí ọ̀gá mi ṣì ni ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ti ọ̀dọ̀ yín ní. Mẹ́ta ni tiwa!

Láti ọjọ́ yìí, Ṣẹ́gun, gbogbo ìyàwó ojú ọ̀nà, gbogbo ọmọ tó ṣọjọ́ ìbí, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni mo ń yà wọ́n sí, kò sì sẹ́ni tó kà á.

Mo lọ bá bàbá tó kùn ún. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mú. Ó ní, "Ọmọ, ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ta ló ní kí òyìnbó lọ fi irin ẹsẹ̀ kan ṣòfò?" Ìgbà tí a rẹ́rìn-ín tán ló tó jẹ́wọ́ pé inú kàlẹ́ńdà lòun ti wò ó, ibi tí ayàwòrán dúró sí ló jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan sá pamọ́ sẹ́yìn èkejì. Búlúù tó kùn ún ńkọ́? Ọ̀dà tó ṣẹ́ kù nínú iṣẹ́ sáìnbọ́ọ̀dù kan ni. N kò lè bá a jà nídìí ìyẹn, nítorí mo kà pé àwọn tó ni ín gan-an ti kùn ún ní pupa àti ní yẹ́lò rí, kí wọ́n tó wá fàbọ̀ sórí àwọ̀ ilẹ̀ tó wà nínú fọ́tò rẹ. Nǹkan bí ọdún méje méje ni wọ́n ń tún un kùn, ọ̀dà tó tó 60 tọ́ọ̀nù ló sì ń jẹ. Bàbá gbọ́ èyí, ó mí kanlẹ̀. Ó ní ká ní wọ́n bí òun sí Paris ni, ebi ì bá má pa òun láéláé.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn rẹ̀ ni pé bí àtíbàbà ìnáwó ni wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Ọdún 1889 ni wọ́n parí rẹ̀ fún ìpàtẹ ńlá kan tí gbogbo ayé wá sí, wọ́n sì ní ká tú u palẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún. Kí wọ́n tó kọ́ ọ dé ibì kan, lọ́dún 1887, àwọn oníṣẹ́ ọnà àti àwọn òǹkọ̀wé ìlú ti kọ̀wé pé ó máa ba ẹwà Paris jẹ́. Rédíò ló yọ ọ́. Wọ́n rí i pé gíga rẹ̀ dára fún iṣẹ́ rédíò, wọ́n bá fi í sílẹ̀. Ó ti di mítà 330 báyìí, pẹ̀lú irin tó wà lórí rẹ̀. Eiffel kan náà tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ọ ló ṣe egungun irin tó wà nínú ère obìnrin olómìnira tó wà ní Amẹ́ríkà, èyí tí àwọn Faransé fi ta wọ́n lọ́rẹ. Nítorí náà, bí oníbàárà bá ní Amẹ́ríkà lòun fẹ́, mo máa ń ní kó dúró síbí, ẹbí kan náà ni wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ kì í gbà. Dubai ni wọ́n ń béèrè, kọ̀ǹpútà ni mo sì fi ń gbé wọn lọ síbẹ̀.

Mo ti gbìyànjú tiwa náà. Mo ní kí bàbá kun Òkè Patti ní Lọ́kọ́ja, pẹ̀lú ibi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Ó kùn ún dáadáa, kódà ó fi igi osè sí i. O rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa, pé abẹ́ igi yẹn ni Flora Shaw, akọ̀ròyìn òyìnbó nì, jókòó sí tó fi rí orúkọ Nàìjíríà? Àṣé inú ìwé ìròyìn The Times ní London ló ti gbé orúkọ náà jáde ní January 1897, ọdún márùn-ún gbáko kó tó fẹ́ Lugard. Mo sọ ọ́ fún olùkọ́ kan tó wá ya fásípọ́ọ̀tù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú sí mi. Lára aṣọ yẹn ṣá, oníbàárà kan péré ló ti dúró níwájú rẹ̀, ìyẹn náà ṣèèṣì ni. Òmíràn bi mí pé, "Ṣé kí n sanwó kí n tó dúró ní Lọ́kọ́ja tí mo ti wọkọ̀ bọ̀ lánàá?"

Ìyá rẹ wá lọ́jọ́ ọjà. Mo fi fọ́tò rẹ hàn wọ́n. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n kàn ń fi àtàǹpàkò nu ojú rẹ nínú rẹ̀. Wọ́n lọ sílé, wọ́n pààrọ̀ ìró, wọ́n wé gèlè tí wọ́n fi sìn ọ́ lọ́jọ́ tí o ń lọ, wọ́n padà dé. Wọ́n ní, "Ibi tí ọmọ mi dúró sí ni kí o gbé mi dúró sí." Mo yẹ fọ́tò rẹ wò, mo yẹ aṣọ wò. Ṣẹ́gun, ẹsẹ̀ tí kò sí nínú tiwa yẹn lo lọ dúró tì! Mo na ọwọ́ sí apá ọ̀tún, mo ní ibẹ̀ ni, Màmá. Wọ́n fọwọ́ kan aṣọ náà kí wọ́n tó kọjú sí mi.

Fọ́tò wọn ló wà nínú ìwé yìí. Má ì tíì sọ fún wọn o. Jọ̀wọ́, lọ síbi tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti hàn, kí o yà á wá fún mi. Ọ̀sán ni kí o yà á. Wọ́n ní iná tó ń tàn lára rẹ̀ lálẹ́ ní oní-nǹkan, pé ẹni tó bá fẹ́ fi fọ́tò rẹ̀ ṣòwò gbọ́dọ̀ gbàṣẹ, èmi ò sì fẹ́ kí Faransé wá mi wá sí Kabba. Tó bá ti dé, màá tún Màmá yà. Bàbá ti gbà láti fi ẹsẹ̀ kẹrin sí i, ṣùgbọ́n ó ní owó rẹ̀ lọ́tọ̀.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ, Délé