Họ́kì Orí Yìnyín Kò Kọ Akanda Ẹ̀dá

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìròyìn yín lórí eré ìdárayá àwọn akanda ẹ̀dá, n kò sì fara mọ́ ọn pé họ́kì orí yìnyín kì í ṣe tiwọn. Tiwọn ni. Àwọn òbí ni kò mọ ilẹ̀kùn tí wọn yóò kàn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò lè rìn. Ibi ìṣeré àkọ́kọ́ tí a fóònù sí dá wa lóhùn pé, “Kò sí.” Àṣé orúkọ eré náà la ò mọ̀! Ìgbà tí a béèrè “sled hockey”, ìyẹn họ́kì tí wọ́n ń jókòó gbá lórí yìnyín, níbòmíràn, wọ́n ní ká máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n yá a ní ìjókòó pẹlẹbẹ tó ní abẹ irin méjì nísàlẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá kúkúrú méjì. Eyín irin tó wà ní ìdí ọ̀pá ló fi ń ta yìnyín kó lè sáré. Orí kejì ló fi ń gbá páàkì, rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá bíi bọ́ọ̀lù. Kò pẹ́ tó fi ń kọlu àwọn tó jù ú lọ.

Ti afọ́jú wà, ti adití wà, ti ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ náà wà lábẹ́ USA Hockey, àjọ tó ń darí họ́kì orí yìnyín ní Amẹ́ríkà. Amẹ́ríkà sì gba góòlù Paralympics, ìdíje àgbáyé àwọn akanda ẹ̀dá, nínú ti orí ìjókòó yìí ní 2010, 2014, 2018 àti 2022.

Ẹ jọ̀ọ́, kí òtútù tó dé, ẹ bá wa tẹ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tó wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan jáde.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì kan, Minneapolis